Òótọ́ àbí irọ́? Ṣé òkè náà ni "up"?

Iná ti lọ láti àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, jẹnẹrétọ̀ ará ọ̀tún ti mu epo rẹ̀ tán, ti ará òsì ń wúkọ́, gbogbo àdúgbò wá ṣókùnkùn biribiri. Ìyá àgbà kan tó wá kí wa láti oko jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Lójijì ni gílóòbù tàn yòò, ariwo sì sọ láti ilé dé ilé: "Up NEPA!" Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B náà bá wọn pariwo. Ìyá gbójú sókè, ó wo àjà, ó tún yọrí wo ojú ọ̀run. Ó ní, "Ta ló wà lókè tí ẹ ń pè?"

Ẹ̀rín pa wá. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo tó rí i pé ìbéèrè gidi ni ìyá bi wá. Ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ sí PHCN, ní 2013 ìjọba sì ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn aládàáni. Ẹni tí à ń kí ti kú tipẹ́, igbe tí à ń fi kí i ni kò kú. Ṣùgbọ́n "up" tó ṣíwájú rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tó gun òkè?

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ni. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn pọ̀, àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an sì wà lára àwọn tó ń pa á.

"Up" túmọ̀ sí òkè

Òótọ́ ni fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, irọ́ ni fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ya ọfà méjì sójú pátákó, ọ̀kan kọrí sí àjà, èkejì kọrí sí ilẹ̀. Ó na pàṣán sí ti àkọ́kọ́: "Up, òkè!" Àwa náà gbè é: "Up, òkè!" Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló wọlé bá wa nídìí ariwo, ló bá jágbe mọ́ wa: "Shut up!" Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, ọmọ tó máa ń fetí sílẹ̀ ju gbogbo wa lọ, na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Pàṣán tó jẹ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Ẹ wò ó. "Wake up" ni jí. "Shut up", pa ẹnu dé. "Show up", yọjú. "Give up", jáwọ́. "Mix up", dà á rú. "Make up" nìkan tó odindi ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan: obìnrin fi ń ṣe ojú lóge, onírọ́ fi ń hun ìtàn, àwọn tó jà fi ń parí ìjà, akẹ́kọ̀ọ́ tó pa ìdánwò jẹ sì fi ń tún un ṣe. Níbo ni òkè wà nínú gbogbo rẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí o "walk up to him", wọn ò ní kí o gun nǹkan kan. Wọ́n ní kí o rìn lọ bá a ni, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló dúró sí.

Ẹ wá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí "up" ń ṣe níbi púpọ̀ ni iṣẹ́ tí "tán" ń ṣe lẹ́nu wa. "Eat" ni jẹun, "eat up" ni jẹ ẹ́ tán. "Drink up", mu ún tán. "Use up", lò ó tán. "Dry up", gbẹ tán. Ìyá tó dúró ti ọmọ tó ń fi àmàlà ṣeré, tó ní "Jẹ ẹ́ tán kí n tó dé o," ohun tí òyìnbó ń fi "eat up" sọ gan-an ló sọ yẹn. Níbòmíràn, "jọ" àti "pọ̀" wa ni: "gather up", kó o jọ; "save up", tọ́jú rẹ̀ jọ; "add up", rò ó pọ̀. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, "pa" wa ni: "lock up", tì í pa. Àwọn náà ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn láti sọ ibi tí iṣẹ́ náà já sí, bí àwa ṣe ń ṣe é.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé. A ní "bàjẹ́", ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí ẹnì kan bà jẹ́, ọ̀rọ̀ náà á là sí méjì: ó ba ilé jẹ́, ó bà á jẹ́. A ní "tànjẹ": ó tan ọmọ jẹ, ó tàn án jẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé "ó bàjẹ́ ẹ". Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni àwọn onígírámà wa ń pè é. Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn lè sọ pé "pick up the child", ó sì lè sọ pé "pick the child up". Ṣùgbọ́n bó bá fi arọ́pò orúkọ rọ́pò ọmọ náà, àárín nìkan ló lè wà: "pick him up". "Pick up him" kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọdọọdún ni mo ń fa igi pupa sábẹ́ àṣìṣe yìí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń sọ "bà á jẹ́" láìṣìnà láti ọmọ ọdún méjì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń kùnà, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni "up" ti ń tọ́ka sí òkè

Irọ́ tó pani lẹ́rìn-ín ni. "Up" ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. "Auf" tí àwọn ará Jámánì ń sọ àti "op" tí àwọn ará Netherlands ń sọ, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpa wọn lọ dé ọ̀dọ̀ èdè àtijọ́ tó bí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù àti ti àríwá Íńdíà, gbòǹgbò tí àwọn onímọ̀ bá níbẹ̀ jẹ mọ́ abẹ́: láti abẹ́ bọ́ sókè. Gbòǹgbò yìí kan náà ló bí "sub" nínú Látìnì àti "hypo" nínú Gíríìkì, abẹ́ sì ni ìtumọ̀ méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, "submarine", ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ omi, bá "up" tan. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún sábẹ́ awọ, tí wọ́n ń pè ní "hypodermic", bá a tan. Ọmọ kan gun àjà lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀, baba kan náà ló bí wọn.

Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti "up"

Irọ́. Nínú ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford, ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989, "set" ló gba ipò kìíní pẹ̀lú ìtumọ̀ tó tó 430. Nígbà tí àwọn olóòtú ń tún ìwé náà ṣe, "run" gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀: ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá sì ní òun ń sọ nípa ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì nìkan, kó rántí pé lẹ́tà méjì náà ni "go" ní. "Up" lówó lọ́wọ́, kì í ṣe òun ni Dangote.

"Uproar" ni kí ariwo lọ sókè bíi ti kìnnìún

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè bá ẹni tó gbà á gbọ́ wí. "Up" rèé, "roar" rèé, kí ló tún kù? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ọdún 1520 sí 1530, nígbà tí William Tyndale ń túmọ̀ Bíbélì, "oproer" àwọn ará Netherlands àti "Aufruhr" àwọn ará Jámánì ni wọ́n wò kọ ọ́. Rúkèrúdò ni ìtumọ̀ wọn: kí wọ́n ru nǹkan sókè. Kò sí ìbúramúramù kankan nínú rẹ̀. Etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi kìnnìún sí i nígbà tó yá, bí àwa náà ṣe máa ń fi ìtàn sí orúkọ ìlú tí a ò mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Ara ẹṣin ni "upset" ti wá

Àwọn tó fẹ́ràn eré ìdárayá ló ń sọ eléyìí jù, ìtàn náà sì dùn gbọ́. Ẹṣin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Man o' War. Ẹ̀ẹ̀mọkànlélógún ló sáré ìdíje, ìgbà 20 ló gbégbá orókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ni ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, 1919, ní Saratoga ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹṣin tó ṣíwájú rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ náà, Upset ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré bá na ẹgbẹ́ ńlá, "upset" ni àwọn oníròyìn á kọ.

Òótọ́ ni pé ẹṣin náà wà. Òótọ́ ni pé ó borí. Irọ́ ni ti ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìròyìn New York Times ti lo "upset" lọ́nà yìí gan-an fún eré ẹṣin ní 1877, ọdún 42 kí Man o' War tó ṣubú. Ẹni tó sọ ẹṣin náà lórúkọ ló yá orúkọ látinú ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ajá ní Tanímọ̀la.

Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu nínú "upset" wà níbòmíràn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ohun tó túmọ̀ sí ni kí a gbé nǹkan nàró, kí ó dúró ṣinṣin. Lónìí, kí a dojú nǹkan dé ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ó yí ẹ̀yìn padà sí ara rẹ̀. Ibi kan tí ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn sá pamọ́ sí ni ibi gbàǹjo: iye owó tí alágbàǹjo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó lè dá kéré sí i, "upset price" ni òyìnbó ṣì ń pè é. Kò sí ẹni tí inú ń bí níbẹ̀.

Àríwá ni "up", gúúsù ni "down"

Máàpù ara ògiri kíláàsì ló pa irọ́ yìí fún wa. Nítorí pé àríwá ló wà lókè níbẹ̀, a rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ayé. Máàpù tí al-Idrisi yà fún Roger Kejì, ọba Sicily, ní 1154, gúúsù ló fi sókè. Máàpù ńlá tó wà ní kàtídírà Hereford ní England, tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1300, ìlà-oòrùn ló fi sókè. Ní Íjíbítì, gúúsù ni wọ́n ń pè ní "Upper Egypt", torí odò Náílì ń ṣàn láti gúúsù bọ̀ wá sí àríwá. Ẹni tó bá kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀ ló ń lọ sókè. Odò Volta ló sọ Burkina Faso náà ní Upper Volta títí di 1984 tí wọ́n fi pa orúkọ náà tì.

Ní England, London ni òkè. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ tó bá ń lọ sí London ni "up train", èyí tó bá ń kúrò níbẹ̀ ni "down train". Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Manchester, gúúsù ló ń lọ lójú máàpù, etí odò Thames ló ń sọ̀ sí, síbẹ̀ "up" ló ń lọ. Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ a "go up" sí Oxford tàbí Cambridge. Bí ó bá hùwà tí wọ́n fi lé e, a jẹ́ pé ó ti di "sent down" nìyẹn. Òkè iyì ni.

Ká tó fi òyìnbó ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ ká wo agbádá ara wa. Aṣọ òkè: ṣé orí òkè ni wọ́n ti hun ún? Àwọn ará Èkó àti etí òkun ló ń pe àwọn tó ń gbé ní àárín ilẹ̀ ní ará òkè. Aṣọ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, láti Ìsẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́, láti Ìlọrin, ló di aṣọ òkè. Ará Èkó a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà bú èèyàn: ará òkè ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ó dáa, aṣọ ará òkè náà ni gbogbo Èkó ń dá lówó gọbọi láti fi ṣègbéyàwó lónìí. Òkè Ọya ńkọ́? Òdìkejì odò Ọya ni. Òkè òkun sì rèé, bẹ́ẹ̀ òkun kò ní òkè. Ohun tó jìnnà sí wa, tí nǹkan ńlá kan dá wa lágbedeméjì pẹ̀lú rẹ̀, òkè ni à ń pè é. Nítorí náà, bí òyìnbó bá ní "up" ni London, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu.

"Up" àti "down" kì í pàdé

Wọ́n ń pàdé, wọ́n tún ń jọ sùn. Ilé tó "burn down" àti ìwé tó "burn up", iná ló jó méjèèjì tán. Ọkọ̀ tó "slow up" àti èyí tó "slow down", ìjánu ni méjèèjì tẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bi ọ́ bóyá wàá bá a lọ sí òde àríyá, o lè ní "I'm up for it", o sì lè ní "I'm down for it". Bí o bá ti sọ èyíkéyìí nínú wọn, máa lọ wẹ̀.

"Cope up with" tọ̀nà

Irọ́ ni o. "Cope with" ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà pín "up" ní Nàìjíríà wù mí í yẹ̀ wò. À ń fi í sí ibi tí kò sí, à ń yọ ọ́ kúrò níbi tó wà. Òyìnbó ní "pick up the phone", àwa ní "Why didn't you pick my call?" Bí òyìnbó bá fẹ́ kí o sún kí òun rí ibi jókòó, "move up" ló máa sọ, nínú dáńfó, "Dress!" lásán ni, ẹni tí kò bá gbọ́ yóò rò pé wọ́n ní kí òun wọṣọ.

Mo wà lọ́dọ̀ télọ̀ mi lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé gbé áńkárá wá. Télọ̀ na téèpù sí èjìká rẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé up and down ni?" Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Yes, measure everywhere." Télọ̀ rán bùbá àti ṣòkòtò láti ara áńkárá kan náà, torí ohun tí "up and down" jẹ́ nìyẹn ní gbogbo ọjà wa. Bùbá nìkan ni ọmọ ọ̀hún fẹ́. Ẹni tó bá wá bi mí bóyá "up and down" yìí jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, màá ní òótọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì wa ni. Mo ń fa igi pupa sí "cope up" torí ìdánwò yóò fà á bí n kò bá fà á. Ti télọ̀, n kò fọwọ́ kàn án.

Oògùn wà nínú 7UP nígbà kan rí

Òótọ́ ni. Charles Leiper Grigg ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1929, pẹ̀lú lithium citrate nínú rẹ̀, títí di 1948 tí wọ́n fi yọ ọ́. Lithium yìí ni àwọn dókítà ọpọlọ ṣì ń lò lónìí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gun òkè tó ń já sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ òmìnira gan-an, 1 oṣù kẹwàá, 1960, ni ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ́ sínú ìgò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Èyí tí àwa mu kò ní oògùn kankan, ṣúgà rẹ̀ nìkan ló tó láti gbé ara ẹni sókè.

Bí èèyàn bá "upload" fọ́tò, òkè ló ń lọ

Èyí ni irọ́ tí mo fẹ́ràn jù, torí pé àwọn tó kàwé gan-an ló ń gbà á gbọ́. Wọ́n ní fọ́tò náà wà ní "cloud", nínú ìkùukùu. Èèyàn á gbé fóònù sókè nínú gbọ̀ngàn àríyá, bí ẹni pé yóò tètè lọ bí ó bá súnmọ́ ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká bá fọ́tò kan rìn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ya ìjókòó aláṣọ ẹbí ní Ìkejà, ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ní London rí i. Fọ́tò náà fò láti ara fóònù dé òpó tó wà nítòsí; ibẹ̀ nìkan ló ti rí afẹ́fẹ́. Láti ìdí òpó náà ni ó ti sábà máa ń wọ wáyà tó jẹ́ òwú gíláàsì, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbé e sáré nínú rẹ̀. Wáyà náà lọ sí etí òkun Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn wáyà ńlá ti wọ omi: SAT-3, Glo-1, MainOne tó dé Èkó ní 2010, àti àwọn mìíràn. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n nà sí, nínú ẹrẹ̀ àti òkùnkùn, níbi tí oòrùn kò lè dé. Fọ́tò tí a ní a gbé sókè gba ìdí òkun kọjá ní etí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kó tó yọrí ní Yúróòpù.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé ọ̀pọ̀ wa. Wáyà mẹ́rin ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, MainOne àti SAT-3 wà nínú wọn. Íńtánẹ́ẹ̀tì di ìgbín láti Liberia dé Nàìjíríà. Ní báǹkì tí mo ti lọ gba owó, akọ̀wé kàn ń yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa ká lè rí i pé kò mọ̀-ọ́n-mọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sístẹ́ẹ̀mù ò sí lókè." Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, "Níbo ló wà?" Kò sẹ́ni tó rántí ìsàlẹ̀ òkun.

Kí wá ni "up" ń ṣe nínú "upload"? Ohun tó ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin London náà ni. Kọ̀ǹpútà kékeré ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá, ibi tí ńlá bá wà ni wọ́n ń pè ní òkè. Akọ̀wé báǹkì yẹn náà kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. "The system is up" túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́.

"Up NEPA" ni pé iná ti ń ṣiṣẹ́

Ibí ni mo ti padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ oníná mànàmáná ní bẹ́ẹ̀ ni: iná wà lókè, iná ń ṣiṣẹ́. Èmi kò gbà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, "NEPA is up" ni à bá máa sọ. Àwa ń fi "up" ṣíwájú, bí àwọn ará Ireland ṣe ń ké "Up the Republic!", bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní England ṣe ń ké "Up the Reds!", bí àwọn bàbá tó jáde ní ilé ìwé gírámà àtijọ́ ṣì ṣe ń kí ara wọn pé "Up school!" Igbe ìyìn ni, kí ẹni tí à ń kí pẹ́ láyé. Lójú tèmi, irọ́ ni ti oníná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mọ̀ nípa iná.

Mo sọ ọ́ fún ìyá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ìyá, ilé iṣẹ́ iná ni wọ́n ń kí, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́." Ìyá dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró. Ó ní, "Iṣẹ́ wo?"

N kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ bá mi nu ọfà yẹn kúrò lójú pátákó. Bí ọmọ bá bi yín ní ìtumọ̀ "up", ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló wà níwájú rẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ òkè.